Ebi Ló Ń Pa Bátìrì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ibi Tí Alááàmù Olè Ti Ń Rí Iná

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí a pè mí sí lónìí ni ti alááàmù olè tí à ń so mọ́ ilé, pàápàá jù lọ ibi tí ó ti ń rí iná tí ó fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èrò tèmi jáde kí àlàyé tó tẹ̀ lé e: ọ̀pọ̀ bátìrì alááàmù tí à ń yọ dànù nílẹ̀ wa yìí, ogbó kọ́ ló pa wọ́n, ebi ni. Iná tí wọ́n ń rí gbà lójúmọ́ kò tó èyí tí à ń gbà lọ́wọ́ wọn. A ó ra tuntun, a ó gbé e sínú àpótí kan náà, tuntun náà yóò sì kú kí ọdún tó yí po. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n, tí kò sì ṣírò rẹ̀, owó onílé ló kàn ń ná dànù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí àpótí náà wò. Iná ìjọba, tó yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì (volt), ń wọ inú tiransífọ́mà kékeré kan. Nínú àwọn pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọpọlọ alááàmù tó wà nínú àpótí náà, tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwọn ará Àríwá Amẹ́ríkà, irú bíi ti ilé-iṣẹ́ DSC, tiransífọ́mà yìí máa ń wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí nítòsí rẹ̀, á sì rẹ 230 yẹn sílẹ̀ di nǹkan bí 16.5 fóòtì. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú àpótí gan-an ló wà, èyí tó túmọ̀ sí pé 230 fóòtì ń bẹ nínú àpótí náà. Láti ibẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì yóò sọ iná AC, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti ìjọba, di DC, èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, yóò sì gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí 13.8 fóòtì. Iṣẹ́ mẹ́ta ni iná yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń bọ́ pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ó ń gba ojú ibi tí wọ́n kọ AUX sí jáde lọ bá àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ilé àti kíípáàdì tí a fi ń tẹ nọ́ńbà, ó sì ń ṣáàjì bátìrì. Bátìrì náà sábà máa ń jẹ́ olójé tí wọ́n dí pa, ti 12 fóòtì, tí wọ́n kọ 7Ah sí lára, ìyẹn ámpíà-wákàtí 7, ìwọ̀n iná tí ó lè kó pamọ́. Bí iná bá lọ, bátìrì ló ń gbà á ṣe, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Sáírẹ́nì tó wà lára ògiri níta náà sábà máa ń ní bátìrì kékeré tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé bátìrì ló di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Augustus Russell Pope, ará ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí alááàmù olè oníná ní ọdún 1853, iná ìjọba kò tíì sí ní ilé ẹnikẹ́ni. Bátìrì nìkan ni alááàmù náà gbójú lé. Bátìrì olójé gan-an kò tíì dé nígbà yẹn, nítorí ọdún 1859 ni Gaston Planté ará Faransé ṣe é. Iná ojú òpó ló wá bá bátìrì lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ṣọ́ alááàmù náà láti òkèèrè, ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò àti ọlọ́dẹ. Ẹ sì fi kóòdù oníṣẹ́ gbé pánẹ́ẹ̀lì sí ipò àtúnṣe, nítorí pé bí ẹ bá ti ń ṣí ìdérí báyìí ni sáírẹ́nì yóò fi ariwo bọnu. Ẹ pa bíréékà rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà tí à ń fi wọn iná yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti kúrò lóòótọ́, torí mo ti rí ilé tí orúkọ tí wọ́n kọ sí ara bíréékà kò bá ohun tó ń pa mu rárá. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Bátìrì 7Ah kéré lójú, ṣùgbọ́n bí irin bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná tó máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó láti mú òrùka pọ́n dẹ̀dẹ̀ ní ìka ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ilé kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Màmá tó ni ilé náà sọ fún mi pé nígbàkigbà tí NEPA bá mú iná lóru ni alááàmù òun máa ń ké, tí gbogbo àdúgbò á sì jí. Oníṣẹ́ kan ti wá ṣáájú mi, ó sì ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ pálọ̀ nítorí ó rò pé kọ́tìnnì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ló ń dà á láàmú. “Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi já a kúrò jàre,” bẹ́ẹ̀ ni màmá wí, “olè kò tíì wá, ariwo yìí ni yóò kọ́kọ́ pa mí.” Ọ̀sán gangan ni mo pa bíréékà alááàmù náà. Kò pẹ́ rárá, kíípáàdì ṣókùnkùn biribiri lójú ẹsẹ̀, sáírẹ́nì ìta sì figbe ta. Ìwọ̀nba èyí ti tó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí bátìrì bá wà ní àlàáfíà, kíípáàdì kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Nígbà tí mo ṣí àpótí, ìhà bátìrì náà ti wú jáde bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ohun funfun tó fẹ́ ní àwọ̀ ewé sì ti hù bo ẹnu ibi tí wáyà ti wọ orí rẹ̀.

Kí ló wá ń mú sáírẹ́nì ké? Wáyà kan ń bọ̀ láti inú pánẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan bí 13.8 fóòtì lọ bá sáírẹ́nì ìta ní gbogbo ìgbà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń rí iná yìí, yóò dákẹ́. Bí iná náà bá dáwọ́ dúró lójijì, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti rò ni pé olè ti gé wáyà, yóò sì fi bátìrì inú ara rẹ̀ ké. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, tí bátìrì pánẹ́ẹ̀lì kò sì lè gbà á ṣe, bákan náà ni ó rí lójú sáírẹ́nì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé alááàmù òun ń ké bí iná bá lọ, ẹ má tíì fọwọ́ kan sẹ́ńsọ̀ kankan. Bátìrì ni kí ẹ lọ bá.

Ọ̀nà tí à ń gbà wọn bátìrì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ọmọ iṣẹ́ yóò ṣí àpótí nígbà tí iná wà, yóò fi mítà sí orí bátìrì, yóò rí 13.7, yóò ní bátìrì dára. Kì í ṣe bátìrì ló wọ̀n. Ohun tí pánẹ́ẹ̀lì fi ń ṣáàjì rẹ̀ ló wọ̀n, bátìrì tó ti kú pátápátá sì lè gbé iye yẹn síta. Ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Èyí tó kún yóò wà láàárín 12.7 àti 12.9 fóòtì. Bí ó bá wà ní nǹkan bí 12.2, ó ti lò tó ìdajì; bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 12, kò fi bẹ́ẹ̀ ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀n yìí nìkan kò tó, nítorí bátìrì tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ lè sọ 12.8 nígbà tí kò ru ẹrù. Ẹ dá a padà sórí wáyà, ẹ pa iná AC, kí ẹ jẹ́ kí ó gbé gbogbo alááàmù náà, kí mítà sì wà lórí rẹ̀. Èyí tó dára yóò rọ díẹ̀, yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó ti kú yóò máa já bọ́ lójú yín, láti 12.8 sí 12, sí 11, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀; bí ẹ bá sì jẹ́ kí sáírẹ́nì ké fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, yóò wó lulẹ̀ pátápátá. Mo gba ìdánwò yìí gbọ́ ju ohunkóhun tí kíípáàdì lè sọ lọ.

Kíípáàdì náà ní tirẹ̀ láti sọ, kí a má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì DSC, bí iná àwọ̀ ìyeyè bá tàn, ẹ tẹ ìràwọ̀ àti 2: bí nọ́ńbà 2 bá tàn, kò rí iná AC, bí nọ́ńbà 1 bá tàn, ẹ tún tẹ 1 kí ó lè sọ fún yín bóyá bátìrì ló rẹlẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ ni kì í kéde pé bátìrì rẹlẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí 11.5 fóòtì tàbí kí ó tún kéré sí i. Nígbà náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo tiransífọ́mà. Bí gílóòbù ilé bá ń tàn tí kíípáàdì sì ń sọ pé kò sí AC, ẹ lọ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ kan níbí tí kò tíì bá a pé ẹnìkan ló yọ ọ́ kúrò láti fi ṣáàjì fóònù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí tiransífọ́mà alááàmù wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń lò. Bí 230 bá wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn ojú ibi tí wáyà AC ti wọ pánẹ́ẹ̀lì. Ó yẹ kí ẹ rí 16 sí 18 fóòtì. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ tú wáyà méjèèjì kúrò lára tiransífọ́mà, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀ gan-an. Bí fóòtì bá padà dé, wáyà ló ń kan ara wọn níwájú tàbí pánẹ́ẹ̀lì ló ti jóná. Bí kò bá dé, tiransífọ́mà ti kú. Nínú ọ̀pọ̀ irú tiransífọ́mà bẹ́ẹ̀, fíúsì kan tó ń já bí ooru bá pọ̀ wà láàárín wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, kò sì ṣeé pààrọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó pa á kí ẹ tó so òmíràn. Ọ̀kan nínú ohun tó ń pa á jù ni wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, tó já tàbí tó dẹ̀ lórí òpó. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí òpó rẹ̀ gbé fáàsì mẹ́ta, ilé kan lè gba iná tó súnmọ́ 400 fóòtì nígbà tí ilé kejì ń gba ìdajì ohun tó yẹ ẹ́. Òmíràn ni ìkọlù iná ní ìṣẹ́jú àáyá tí NEPA bá dá a padà. Òmíràn sì ni ínfátà olówó pọ́ọ́kú, èyí tí iná rẹ̀ kò lọ bọ̀ geerege bíi ti ìjọba. Tiransífọ́mà tó bá wà lórí rẹ̀ yóò máa kùn hùn-ùn, yóò sì máa gbóná títí fíúsì inú rẹ̀ yóò fi já. Ẹ gbé ọwọ́ lé e. Bí kò bá ṣeé dì mú, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Àléébù kan tún wà tó ń fara pamọ́ sí abẹ́ èyí, ó sì dára kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ mọ iná tí a máa ń sọ pé ó “lọ sílẹ̀”, tí gílóòbù á máa pọ́n wẹ́ẹ́, tí fáànù á máa yí bí ẹni tó ń sùn. Ká ní 150 fóòtì ló wọlé dípò 230. Tiransífọ́mà tó ń gbé 16.5 jáde tẹ́lẹ̀ yóò máa gbé kò ju nǹkan bí 10.8 jáde. Iye yẹn lè tó láti mú iná AC orí kíípáàdì tàn, kí pánẹ́ẹ̀lì sì máa rò pé gbogbo nǹkan dára, ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹrù alááàmù bá ti gbé lé e, kò ní lè dúró ní 13.8 tí bátìrì ń fẹ́. Bátìrì kò ní gba ohun tó yẹ ẹ́ ní gbogbo wákàtí tí onílé ń kà sí wákàtí tí iná wà. Ẹni tó bá lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán nígbà tí iná dára kò ní rí i. Alẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti tan iná wọn.

Bí AC bá dára, tí bátìrì sì dára, tí àwọn sẹ́ńsọ̀ àti kíípáàdì kò sì rí iná, AUX ni kí ẹ wò. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan ní fíúsì gíláàsì níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní èyí tó máa ń dí ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù, tó sì ń ṣí padà bí ó bá tutù. Irú kejì yìí kò ní ṣí àyàfi bí ẹ bá yọ AC àti bátìrì méjèèjì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ tú gbogbo wáyà kúrò ní AUX, ẹ wò ó bóyá 13.8 padà sójú ibẹ̀, kí ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tó ń fa wàhálà yóò fi fara hàn. Eku ló sábà máa ń jẹ wáyà nínú àjà. Lára ògiri ìta, omi òjò ló ń wọ ẹnu ibi tí wọn kò dí dáadáa. Mo ti ṣí sáírẹ́nì kan tí ìkán ti mọlé sínú rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Wáyà tó gùn tó sì tín-ín-rín náà ń jẹ fóòtì lọ́nà. Wáyà alááàmù tí a sábà ń lò, èyí tí okùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.22 mm², ní nǹkan bí 8 óòmù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́) fún 100 mítà. Láti pánẹ́ẹ̀lì dé ilé ọlọ́dẹ tó jìnnà tó mítà 30, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 60, ìyẹn óòmù 4.8. Bí kíípáàdì kan àti sẹ́ńsọ̀ mélòó kan lọ́hùn-ún bá ń fa 200 mílíámpíà, ìyẹn 0.2 ámpíà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fóòtì kan tí yóò nù sójú ọ̀nà. Nígbà tí iná wà, 13.8 yóò di 12.8, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ lórí bátìrì, 11.2 yóò di 10.2, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ó nílò nǹkan bí 9 tàbí 10 yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè, wọn yóò sì máa ké olè nígbà tí olè kò sí. Ẹ fi okùn méjì ṣe ọ̀kan nínú wáyà náà, ní àlọ àti ní àbọ̀, ohun tó ń nù yóò dín sí ìdajì.

Mo padà sí ilé màmá Bódìjà, nítorí ọ̀rọ̀ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. A gbé bátìrì tuntun sí i, ariwo dáwọ́ dúró, màmá sì dúpẹ́. Kò tó oṣù mélòó kan, ó tún pè. Bátìrì tuntun ti ń rẹlẹ̀. Ìgbà yẹn la jókòó ṣe ìṣirò tó yẹ kí á ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì ń jẹ nǹkan bí 100 mílíámpíà. Kíípáàdì méjì ń jẹ 120. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́fà ń jẹ 70. Ẹ̀rọ tó ń fi ìpè ránṣẹ́ sí fóònù ń jẹ 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 330 mílíámpíà, ìyẹn 0.33 ámpíà. Bátìrì 7Ah jẹ́ èyí tí ó lè gbé 0.35 ámpíà fún wákàtí 20 nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Lójú, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà níbẹ̀ gbèsè ni, a sì ní láti san án padà pẹ̀lú èlé: fún gbogbo ámpíà-wákàtí kan tí a bá lò, ó kéré tán 1.2 ni bátìrì olójé ń fẹ́ kí a tó lè sọ pé ó padà sí ipò rẹ̀. Ibi tí pánẹ́ẹ̀lì náà ti ń san gbèsè kò fẹ̀: 400 mílíámpíà péré ni ó lè fi ṣáàjì.

Ẹ rántí pé láti ọdún 2020 ni NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti pín àwọn tó ń lo iná sí ìsọ̀rí ní ìbámu pẹ̀lú iye wákàtí tó yẹ kí wọ́n máa rí iná lójúmọ́: ó kéré tán wákàtí 20 fún A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Ẹ fi ìṣirò wa sí orí rẹ̀. Ilé tó wà ní A yóò wà láìní iná fún wákàtí 4, bátìrì yóò ná 1.3 ámpíà-wákàtí, wákàtí 4 ti tó láti san án padà, a sì ní 20. Kò sí wàhálà. Ní C, wákàtí 12 láìsí iná yóò ná nǹkan bí 4. 4 yẹn pẹ̀lú èlé jẹ́ 4.8, wákàtí 12 ní 0.4 ámpíà sì jẹ́ 4.8 gẹ́lẹ́. Orí abẹ ni ilé náà wà, nítorí pé bí bátìrì bá ti ń kún ni ó ń dín ohun tó ń gbà kù. Ní D, wákàtí 16 láìsí iná yóò ná 5.3, gbèsè pẹ̀lú èlé jẹ́ 6.3, wákàtí 8 kò sì lè san ju 3.2 lọ. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, bátìrì ti tán. Ìsọ̀rí E kò yẹ ní sísọ.

Ìsọ̀rí D ni àdúgbò màmá wà, jẹnẹrétọ̀ ilé rẹ̀ kò sì kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tí tiransífọ́mà wà, torí pé nígbà tí wọ́n ń so ṣéńjì-ófà, kò sí ẹni tó rántí alááàmù. Ẹ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀: jẹnẹrétọ̀ ń dún láti ìrọ̀lẹ́ di òru, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́, fìríìjì ń tutù, alááàmù sì wà lórí bátìrì. Bátìrì olójé tó bá sì tán, tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣáàjì, ohun kan tó dà bí iyọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le mọ́ àwọn páànù òjé inú rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti le tán, kò sí iná tó lè tú u.

Kí a má bàa sọ pé àwọn tó ṣe pánẹ́ẹ̀lì ló ṣẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, EN 50131, béèrè lọ́wọ́ wọn. Fún alááàmù ilé lásán, tí wọ́n ń pè ní ìpele 2, bátìrì gbọdọ̀ lè gbé e fún wákàtí 12, pánẹ́ẹ̀lì sì ní wákàtí 72 láti ṣáàjì bátìrì náà padà dé ìwọ̀n 80 nínú 100. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nìyẹn. Ẹni tó kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ilé tí iná ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ní lọ́kàn, tí iná náà yóò sì dé, tí yóò dúró. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ilé tí a gbé e sí ni kì í ṣe ilé tí wọ́n rò.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí onílé lọ́kàn ni kí á ra bátìrì tó tóbi sí i, ká ní 18Ah. N kò fọwọ́ sí i. Bí 3 ámpíà-wákàtí bá ń ṣẹ́kù sílẹ̀ lójúmọ́ láìsan, bátìrì ńlá kàn ń sún ọjọ́ tí yóò kú síwájú ni, àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan kò sì ní ipá tí wọ́n fi lè ṣáàjì rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a fi kún wákàtí tí alááàmù ń rí iná, tàbí kí a dín ohun tó ń jẹ kù. Bí ínfátà bá wà nínú ilé, tí iná rẹ̀ sì lọ bọ̀ geerege bíi ti ìjọba, ẹ gbé tiransífọ́mà sí orí rẹ̀. Gbogbo alááàmù náà kò ju nǹkan bí wáàtì 10 lọ. Wákàtí 16 rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 160, bátìrì ínfátà 12 fóòtì tí ó jẹ́ 200Ah sì ní nǹkan bí 2,400. Kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bátìrì inú pánẹ́ẹ̀lì yóò wá di ti ọjọ́ tí ínfátà pàápàá bá kú, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Bí kò bá sí ínfátà, ẹ fi alááàmù sórí ṣéńjì-ófà, ẹ pa iná ẹ̀yìn kíípáàdì tí kò yẹ kó máa tàn lóru, kí ẹ sì yọ kíípáàdì tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ní ilé màmá, ínfátà tó ti wà nínú yàrá kejì láti ọjọ́ yìí wá la lò.

Ọ̀rọ̀ ooru náà kò kéré. Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ inú àjà nítorí kí olè má bàa rí i ń jóná lójoojúmọ́ lábẹ́ páànù. Ohun tí àwọn tó ń ṣe bátìrì olójé máa ń sọ ni pé bí ooru bá fi 10 ju 25 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, ọjọ́ ayé bátìrì náà yóò dín sí nǹkan bí ìdajì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní afẹ́fẹ́ ló dára jù. Ẹ sì ṣọ́ra fún bátìrì tí wọ́n yọ lára UPS ọ́fíìsì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, tí wọ́n nù dán, tí wọ́n ń tà bí tuntun. Ní Alábà ni o, ní Ògùnpa ni o, wọ́n wà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Bí bátìrì tí wọ́n ní ó jẹ́ tuntun kò bá tó 12.5 fóòtì lórí káńtà, ó ti jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù láìṣáàjì, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Bí ẹ bá ti so bátìrì tuntun, ẹ wọn ohun tí pánẹ́ẹ̀lì fi ń ṣáàjì rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kún. Bí ó bá ju 14 lọ dáadáa, ó ń sè é ni, òun ló sì ń mú kí bátìrì wú. Bí kò bá tó 13.5, ìṣirò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn ti dojú rú, nítorí bátìrì kò ní kún láéláé. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan kì í gbé iná jáde lójú wáyà bátìrì àyàfi bí bátìrì bá wà níbẹ̀, nítorí náà kí ẹ má yára dájọ́ ikú fún pánẹ́ẹ̀lì nítorí pé ẹ fi mítà kan wáyà òfìfo.

Ohun tó kù ni kí ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ nǹkan sí inú ìdérí àpótí náà: ọjọ́ tí bátìrì wọlé, iye mílíámpíà tí gbogbo alááàmù ń jẹ, fóòtì tí pánẹ́ẹ̀lì fi ń ṣáàjì, bíréékà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí tiransífọ́mà ti ń gba iná, àti ìsọ̀rí iná tí àdúgbò náà wà. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ pa AC fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀sán, kí ẹ kọ fóòtì bátìrì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí iye tó ń já bọ́ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn bá ti pọ̀ ju ti ìgbà tó kọjá lọ, tí ẹrù kò sì yí padà, bátìrì ti ń lọ nìyẹn, ẹ ó sì ti mọ̀ kí NEPA tó fi yé yín lóru.